Ogójì Ọ̀pẹ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbìn

Bí wọ́n bá bi yín léèrè lónìí pé ta ló gbin igi tí ẹ̀ ń jẹ èso rẹ̀, ṣé ẹ máa dárúkọ onítọ̀hún, àbí ẹ máa gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Ìyá Waheed fún yín. Òun náà, ká ní wọ́n bi í nígbà náà, ì bá ní olóòótọ́ ènìyàn ni òun.

Abà Ọláògún ni Ìyá Waheed ń gbé, lọ́nà Wásinmi. Abà là ń pè é o, àmọ́ ó ti di ìlú kékeré. Ó ní ilé-ìwé, ó ní mọ́ṣáláṣí méjì tí àwọn lèmọ́mù wọn kì í kí ara wọn, ó sì ní ìjọ aláṣọ funfun kan. Bàbá Ìyá Waheed ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Òun ni àkọ́bí bàbá náà, ṣùgbọ́n obìnrin ni. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì pín obì àti ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n wá fi ọlá ńlá kan dá ẹ̀gbọ́n wọn lọ́lá. Wọ́n ní kó máa bá àwọn ṣọ́ ilẹ̀.

Ilẹ̀ ṣíṣọ́ ọ̀hún ò le. Lọ́dọọdún, àwọn àlejò tó ń dáko níbẹ̀ á gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá: iṣu, àgbàdo, gàrí. Ìyá Waheed á gbà á, á ṣàdúà fún wọn, á sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbarà ní Abẹ́òkúta, sí ilé Alàájì Sàlàhúdíìnì tó jẹ́ dáwódù. Òun fúnra rẹ̀ á wá jókòó, á máa jẹ ọlá.

Nínú àwọn àlejò yẹn, ìdílé Hùnsù ló pẹ́ jù. Ègùn ni wọ́n. Apá Àgbádárìgì ni bàbá Hùnsù ti rìn wá, nígbà tí kòkó abà ti gbó tó ń kú lórí ìdúró, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń sá lọ sí ìlú ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan ló wà lórí bàbá náà nígbà tó dé. Ó ní kí wọ́n ṣáà fi ibi tí òun á gún un sí han òun. Kò pẹ́ kò jìnnà, èéfín gàrí ló ń jí gbogbo abà láàárọ̀. Àwọn tí kò tíì sá lọ rí nǹkan jẹ, ni wọ́n bá jókòó.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá Ìyá Waheed fún un. Ohun tó bá ń jáde lóko láàárín ọdún kan sí méjì ni kó máa gbìn. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ata. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Kò sí ará Ẹ̀gbá tí kò mọ ìdí rẹ̀: àlejò tó bá ti gbin ọ̀pẹ, ara rẹ̀ ló gbìn síbẹ̀, àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọn ò ní lè sọ pé kó máa lọ mọ́.

Bàbá Hùnsù pa òfin yẹn mọ́ títí tó fi kú. Hùnsù náà pa á mọ́.

Ọmọ onílẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ìjọba ń pín ọmọ ọ̀pẹ àgíríìkì fún àwọn onílẹ̀, irú èyí tí kì í ga, tí ìdì ẹyìn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ìyá Waheed lọ tò, ó fi ìka tẹ̀wé, ó gba ogójì. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó kékeré nígbà yẹn, ó sì ti gbàgbé pé àwọn ọmọ ìyálé náà máa ń jẹun. Ìyá Waheed to ọmọ ọ̀pẹ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wò ó.

Bó bá gbìn ín sí gbangba, àwọn àbúrò rẹ̀ á ní ilẹ̀ ẹbí ni. Wọn ò ní bá a jà o. Ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbà á. Wọ́n á ní, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́, wọ́n á sì pín in bí wọ́n ṣe pín ti bàbá.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó gba ẹ̀yìn odò lọ, níbi tí oko Hùnsù wà, tí ará Abẹ́òkúta kankan kì í dé. Ó bá Hùnsù àti Sènámì ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun gbin ọ̀pẹ sáàárín oko wọn. Bó bá so, òun àti Sènámì á jọ máa fọ epo, wọ́n á jọ máa pín in sí méjì. Hùnsù ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ń mirí. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà, pé igi ni wọ́n ní kí bàbá òun má gbìn, pé bàbá Ìyá Waheed gan-an ló sì sọ ọ́.

Sènámì ní tirẹ̀ ò mirí. Ìbéèrè ló bi í. Ó ní, "Ìyá Waheed, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, èmi ni màá jáde," ni Ìyá Waheed wí. "Màá ní èmi ni mo ní kí ẹ gbìn ín. Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ bàbá mi ni?"

Kí ó lè dá wọn lójú, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ Hùnsù, ó gbẹ́ ihò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin àkọ́kọ́. Hùnsù wá gbà. Tọkọtaya náà búra pé àwọn ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí òun alára á fi sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìlérí yẹn sọ́kàn.

Ọ̀pẹ so. Ó so débi pé igi ń bẹ̀bẹ̀. Ní gbogbo àsìkò ẹyìn, Ìyá Waheed á sọ nílé pé òun ń lọ ra epo ní Wásinmi, á gba ẹ̀yìn odò lọ. Òun àti Sènámì á ká aṣọ sókè dé orúnkún, wọ́n á bọ́ sínú ẹkù, kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tó ti jinná, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa bú ọkọ wọn. Iṣẹ́ náà máa ń mú wọn di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí náà Ìyá Waheed gbé búùtà kan àti ẹní ìkírun síbẹ̀. Bí Àsárì bá ti tó, Sènámì tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun ló máa ń pọn omi sínú búùtà, á gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì lọ máa koná títí tó fi máa kírun tán.

Epo yẹn ló rán Waheed níwèé. Epo yẹn ló fi páànù tuntun bo ilé. Bí Iléyá bá sì dé, Ìyá Waheed á gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ fún Alàájì Sàlàhúdíìnì ní Ìbarà, á ní òun rà á lọ́wọ́ obìnrin kan ní Wásinmi. Alàájì fẹ́ràn epo náà ju ẹran lọ. Lọ́dọọdún, bó bá dúró ti àgbò láti ṣàdúà, á fi obìnrin Wásinmi yẹn mọ́ ọn, á ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rẹ̀. Ìyá Waheed á wà lẹ́yìn, á ṣe àmín tó jinlẹ̀.

Hùnsù kú, wọ́n sin ín sí ìdí ọ̀pẹ. Màútìn ọmọ rẹ̀ gba oko. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan.

Èṣí ni abà ní àwọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ orí ìlú. Adépéjú, tíṣà kan ní ilé-ìwé ibẹ̀, ní òun máa kọ ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ abà sínú ìwé pélébé. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ní òun ti fẹ́ gbọ́ ọ, ó sì gbé fóònù kalẹ̀ níwájú Ìyá Waheed, ó ní ohùn wọn ni yóò máa gbà sílẹ̀.

Ó bi í pé ta ló mú ẹ̀gẹ́ wá sí abà. Ìyá Waheed ní bàbá òun ni. Ó bi í pé ta ló kọ́kọ́ yan gàrí níbẹ̀. Ìyá Waheed ní bàbá òun ni. Tíṣà gbójú sókè, ó ní ṣé ọkùnrin máa ń yan gàrí láyé ìgbà yẹn ni. Ìyá Waheed ní bàbá òun kì í ṣe ọkùnrin kékeré.

Tíṣà wá yí ojú fóònù sí i. Àwòrán abà ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n yà láti òkè ọ̀run. Ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn odò.

"Màmá, ọ̀pẹ ló tò lẹ́sẹẹsẹ níbí yìí. Ta ló gbìn ín?"

Ìyá Waheed wo àwòrán náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń sá fún ojú àwọn àbúrò rẹ̀. Kò ronú kan òkè ọ̀run rí. Bó bá ní òun ni, inú ìwé ni ó ń lọ, inú ìwé sì ni Alàájì á ti kà á.

Ó ní, "Mi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Mi ò dé ẹ̀yìn odò rí."

Tíṣà ní àbí àwọn Ègùn tó ń gbé ibẹ̀ ni.

"Á jẹ́ àwọn náà ni," ni Ìyá Waheed wí, ó sì bèèrè bóyá tíṣà á mu omi tútù.

Ó rò pé òun sọ ọ́ tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ni. Ọjọ́ ayẹyẹ, wọ́n pín ìwé. Ìwé kejì ni Ìyá Waheed kà dúró nílé-ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ara rẹ̀ bó bá rí i, ó sì rí i lábẹ́ àwòrán rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pè é ní opìtàn ìlú. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ ohun tó wà ní ojú ewé kejì. Adépéjú, nítorí pé ọmọ dáadáa ni, ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdílé Hùnsù, láìjẹ́ ọmọ onílẹ̀, ló fi ọwọ́ ara wọn gbin ogójì ọ̀pẹ sẹ́yìn odò, pé ó yẹ kí gbogbo ìlú yìn wọ́n. Màútìn ka ojú ewé yẹn fún ìyá rẹ̀. Sènámì ò pàtẹ́wọ́. Ìjókòó ló wá.

Alàájì Sàlàhúdíìnì náà ka tirẹ̀ nínú mọ́tò, bó ṣe ń padà sí Ìbarà. Kò tíì dé Ọbàdà tó fi ní kí dírẹ́bà yí orí mọ́tò padà.

Ó pe gbogbo ẹbí jọ sí iwájú ilé bàbá wọn, ó ní kí Màútìn wá. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, èyí ló bani lẹ́rù. Ó ní, "Àlejò gbin igi sórí ilẹ̀ bàbá mi, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ síwèé, wọ́n ní kí n wá pàtẹ́wọ́."

Ó bi Màútìn pé ta ló fún wọn láṣẹ. Màútìn wo ilẹ̀. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Alàájì dá ẹjọ́. Ó ní kí òjò àkọ́rọ̀ má bá Màútìn àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn. Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ á dúró, ó ní ọ̀pẹ ò ṣẹ àwọn. Ó wá fi kún un pé, "Bó bá jẹ́ ọmọ Ọláògún kan ló fọwọ́ sí i fún wọn, kó sọ. Bó bá sọ ọ́, wọn ò jẹ̀bi, wọ́n á dúró síbi tí wọ́n wà títí ayé. Onítọ̀hún ló máa jẹ̀bi, kò sì ní bá wa tọ́jú ìbùsẹ̀ kan mọ́ lórí ilẹ̀ yìí."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ìyá Waheed náà wo àwọn ẹlòmíì.

Ta ni wọ́n wá ní kó lọ máa bá wọn ṣọ́ bí àwọn Ègùn ṣe ń di ẹrù? Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ ni.

Ó bá Sènámì nídìí ẹkù, ó ń fọ agbada. Ìyá Waheed ní kó fún òun láyè díẹ̀, pé inú Alàájì á rọ̀, pé òun mọ àbúrò òun. Sènámì ò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Ọkọ mi wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ká hú u dání ni?"

Ìyá Waheed fa agbada kan mọ́ra, ó ń bá a fọ̀ ọ́.

"A ò ní sọ," ni Sènámì wí. "A ti búra. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa sọ."

Ìyá Waheed ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Lọ́la dé, orí ń fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Jímọ̀ kọjá ná, ká má ba ọjọ́ ọlá jẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lèmọ́mù wàásù lórí amánà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, ó sì gbà pé Waheed ni wọ́n ń bá wí, nítorí Waheed ò tíì dá àkàbà aládùúgbò padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Alàájì dé, òun àti Abdulkabir àbúrò wọn pátápátá, tó wọ lẹ́ẹ̀sì funfun bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fojú rí ọ̀pẹ náà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn mú àwọn lọ. Ìyá Waheed ní òun ò mọ ọ̀nà. Wọ́n ní kó kálọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn jọ máa wá a.

Ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Ẹ gbà mí gbọ́, iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn máa rìn bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Ó ń kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta. Lẹ́ẹ̀mejì ló bèèrè pé ṣé odò náà jìn. Nígbà tí wọ́n já sábẹ́ ọ̀pẹ, ó ní, há, ó mà pọ̀ o, bí àlejò.

Sènámì àti Màútìn wà níbẹ̀, wọ́n ń tú àwọn irinṣẹ́ epo. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn ò sọ ju ẹ káàbọ̀ lọ. Abdulkabir ò tiẹ̀ wo iwájú. Ó gbé fóònù sókè, ó ń ya àwòrán ìdì ẹyìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀ síbi tí imọ̀ ọ̀pẹ wà nílẹ̀.

"Kabiru, yà sọ́tùn-ún. Ẹkù wà lábẹ́ imọ̀ yẹn!" Ìyá Waheed ló ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Abdulkabir dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Màútìn kó imọ̀ kúrò. Kòtò náà dé ìbàdí ọkùnrin, omi dúdú olóròóró sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Alàájì yíjú padà wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ò dé ibí rí."

Ìyá Waheed ní ojú inú ni òun fi rí i.

"Ojú inú yín yìí mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì," ni Abdulkabir wí. "Ẹ ṣeun o. Lẹ́ẹ̀sì mi dúpẹ́."

Ìyá Waheed ṣàlàyé pé gbogbo ẹkù ló máa ń wà lábẹ́ imọ̀, pé ọmọ oko ni òun. Àlàyé náà ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n Alàájì ti rí nǹkan mìíràn. Ó rí búùtà lórí kùkùté. Ó rí ẹní ìkírun tí wọ́n ká sáàárín ọ̀pẹ méjì.

Ó ní, "Ìjọ aláṣọ funfun ni àwọn èèyàn yìí ń lọ. Ta ló ń kírun níbí?"

Ní àkókò yẹn gan-an ni ohùn ládàánì gba orí odò wá láti abà, ó ń pe Àsárì. Sènámì dìde. Ó gbé búùtà, ó pọn omi sí i nínú ìkòkò, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú Ìyá Waheed, níbi tó máa ń gbé e sí. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára ló ṣe é, bóyá ọkàn rẹ̀ ló rán an, títí di òní kò sẹ́ni tó bi í.

Alàájì wo búùtà. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo òkè, síbi tí ẹyìn ti pọ́n.

"Obìnrin Wásinmi," ló wí jẹ́jẹ́. "Obìnrin tí mo ń ṣàdúà fún."

Abdulkabir bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì dá a dúró nígbà tó rí i pé òun nìkan ni. Alàájì ṣí fìlà. Ó ní òun bi gbogbo ẹbí, ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀. Ó ní òun máa bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò sì ní bi í mọ́.

"Ta ló ní kí wọ́n gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ Ọláògún?"

Màútìn la ẹnu. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

Kẹ́ ẹ sì wò ó o, ọ̀nà kan ṣì wà. Hùnsù ti kú. Kò lè jiyàn. Bí Ìyá Waheed bá ní Hùnsù ló dá a ṣe, ilẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlá á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn Ègùn á sì máa lọ. Orúkọ Hùnsù ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó ti fi ètè kàn án.

Ó dá mi lójú pé ó dé ibẹ̀, nítorí ahọ́n yẹn náà ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ìṣáájú.

Mo wo omi inú búùtà. Mo ní, "Sìdíkàt ni. Sìdíkàt, àkọ́bí Ọláògún."